Igbó Tí A Pa Mọ́ àti Àwọn Tí Ó Ń Gbé Ẹ̀gbẹ́ Rẹ̀



Mo júbà Olódùmarè. Mo júbà Ọ̀rúnmìlà, Ẹlẹ́rìí Ìpín. Mo júbà Ọ̀sányìn tí ó ni ewé, mo júbà Ògún tí ó la ọ̀nà, mo júbà Ilẹ̀ tí gbogbo wa ń tẹ̀. Mo júbà àwọn ìyá wa, mo júbà àwọn Olúwo tí ó ti lọ, tí ọwọ́ wọn kọ́ wa ní ohun tí a mọ̀. Kí ìbà mi ṣẹ.

  

Iṣẹ́ tí àwọn àgbà rán mi lónìí ni pé kí n sọ̀rọ̀ lórí àwọn igbó tí ìjọba pa mọ́, àti bí ìpamọ́ náà ti kan ìgbé ayé àwọn ará ìlú tí ó yí wọn ká. Ẹnì kan lè bi mí pé kí ni ó kan babaláwo nínú ọ̀rọ̀ àwọn ará fọ́rẹ́sì. Èsì mi kò gùn. Kò sí ìtẹ̀fá láìsí igbódù. Kò sí ìyẹ̀rosùn láìsí igi ìrosùn tí kòkòrò yóò jẹ di lẹ́búlẹ́bú. Kò sí àgbo, kò sí àkóṣe, kò sí ìwẹ̀ orí láìsí ewé. Bí ẹnì kan bá ti igbó pa, àwa ni ó ti ìlẹ̀kùn mọ́ sóde. Bí ẹlòmíràn bá gé igbó tán, àwa náà ni ó gba ohun èlò iṣẹ́ lọ́wọ́ wa. Nítorí náà, àwa ni a kò gbọdọ̀ dákẹ́ nígbà tí a bá ń jíròrò lórí igbó.

Ohun tí mo fẹ́ kí a mú kúrò níbí ni èyí: igbó tí kò ní òfin yóò tán, ṣùgbọ́n igbó tí òfin rẹ̀ lé àwọn tí ó mọ̀ ọ́n jìnnà yóò di igbó tí kò ní olùṣọ́. Ẹyẹ kì í fi apá kan fò.

ÌPAMỌ́ IGBÓ KÌ Í ṢE ÀJÈJÌ SÍ WA

Àwọn kan gbà pé òyìnbó ni ó kọ́ wa bí a ti ń dá igbó sí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlú wo ní ilẹ̀ Yorùbá ni kò ti ní igbó orò, tàbí igbó ìgbàlẹ̀, tàbí igbódù, tàbí odò tí a kì í pa ẹja inú rẹ̀? Bí a bá wo òfin tí àwọn baba wa fi de irú igbó bẹ́ẹ̀, a ó rí i pé ohun márùn-ún ni ó dúró lé.

Èkíní, ó ní ààlà tí ojú rí. Màrìwò tí a ta sí ẹnu ọ̀nà ti tó. Ẹni tí kò mọ ìwé kà mọ̀ ọ́n, ọmọdé mọ̀ ọ́n, àlejò sì ń béèrè kí ó tó kọjá. Èkejì, ó ní olùtọ́jú tí a mọ orúkọ rẹ̀, tí a sì mọ ilé rẹ̀. Àwòrò lè jẹ́ olùtọ́jú náà, ìyálóòṣà lè jẹ́ ẹ, olórí ọdẹ náà sì lè jẹ́ ẹ. Bí nǹkan bá bàjẹ́ níbẹ̀, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni ìlú yóò lọ. Ẹ̀kẹta, ó ní àsìkò. Ọjọ́ tí a kì í wọ̀ ọ́ wà, ọjọ́ tí gbogbo ìlú ń wọ̀ ọ́ tìlùtìlù náà wà. Ẹ̀kẹrin, ó ní ìdí tí àwọn ará ìlú mọ̀, nítorí pé àwọn ni ó ń bọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀karùn-ún, ìjìyà rẹ̀ kì í wo ojú. Bí ọmọ ọba bá rú èèwọ̀ igbó, yóò ṣe ètùtù bí ọmọ mẹ̀kúnnù.

Nínú ìkọ́fá pẹ̀lú, òfin wà. Nígbà tí mo ń tẹ̀lé Olúwo mi lọ já ewé, kì í jẹ́ kí a fi ọwọ́ kan igi láìkọ́kọ́ kí i. Bí a bá fẹ́ bó èèpo, ẹ̀gbẹ́ kan ni a ń bó. A kì í bó o yíká, nítorí igi tí a bá bó èèpo rẹ̀ yíká yóò kú. Bí a bá wa gbòǹgbò, a ó gé ìwọ̀n tí a fẹ́ lò, a ó sì wa erùpẹ̀ bò ó padà. Bí ewé náà bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ní agbègbè ibẹ̀, a ó fi í sílẹ̀, a ó rìn síwájú. Kò sí ẹni tí ó fún wa ní ìwé lórí èyí. Igbó gan-an ni ilé ẹ̀kọ́, ewé ni ìwé, ẹsẹ̀ ni a sì fi ń kà á.

BÍ IGBÓ ÌLÚ TI DI IGBÓ ÌJỌBA

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí ya igbó ilẹ̀ wa sọ́tọ̀. Igbó Olókèméjì, tí ó wà láàrin Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ yà. Ní ọdún 1925 ni wọ́n ya igbó Omo sọ́tọ̀ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ní òkè Ògùn, wọ́n ya igbó kan sọ́tọ̀ ní ọdún 1936, wọ́n sì ya igbó Ọ̀yọ́-Ilé ní ọdún 1941. Àwọn méjèèjì yìí ni wọ́n sọ di igbó ìpamọ́ ẹran ní ọdún 1952, tí ìjọba àpapọ̀ sì sọ di Ọgbà Ìpamọ́ Orílẹ̀-èdè ti Ọ̀yọ́ Àtijọ́ ní ọdún 1991.

Kí ni ìdí tí wọ́n fi yà wọ́n? Ìdí tí ó pọ̀ jù ní ìbẹ̀rẹ̀ ni igi gẹdú. Ìjọba ìgbà náà fẹ́ kí igi tí a ń là sí pákó má tán, kí owó orí igi náà sì máa wọlé. Ọ̀rọ̀ ẹran àti ti ẹyẹ tẹ̀lé e lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ ewé, ti òrìṣà àti ti ibojì àwọn baba ńlá kò sí lára ohun tí ó gbé wọn wá. Nígbà tí ó sì di ọdún 1978, òfin ilẹ̀ tuntun fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ọwọ́ gómìnà. Láti ìgbà náà, bí ọba, baálẹ̀ tàbí mọ̀lẹ́bí bá sọ pé àwọn ni ó ni igbó kan, ẹnu ni wọ́n ní. Ìwé wà ní ibòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí a fi márùn-ún àwọn baba wa wọn òfin tuntun yìí. Ààlà rẹ̀ wà nínú àwòrán ilẹ̀ ní ọ́fíìsì, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kò sì rí i rí. Olùtọ́jú rẹ̀ lè jẹ́ ọmọ ìlú tí ó jìnnà, tí ìjọba lè gbé lọ sí ibòmíràn ní ọdún tí ń bọ̀. Kò ní àsìkò ṣíṣí: ọdọọdún ni ó wà ní títì. Ìdí rẹ̀ kò yé àwọn ará abúlé. Ìjìyà rẹ̀ ńkọ́? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń dun ènìyàn jù, n ó sì padà sí i.

Ọ̀YỌ́-ILÉ: NÍGBÀ TÍ ILÉ BABA ẸNI DI ỌGBÀ

Ọgbà Ìpamọ́ Ọ̀yọ́ Àtijọ́ fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó. Odò Ògùn ṣàn gbà á kọjá. Ìgbòho, Ìgbẹ̀tì, Kíṣí, Tedé, Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí àti Ìkòyí wà lára àwọn ìlú tí ó yí i ká. Nínú rẹ̀ ni ahoro Ọ̀yọ́-Ilé wà, olú ìlú àwọn Aláàfin, tí ogun tú ní nǹkan bí ọdún 1835, kí Aláàfin Àtìbà tó tẹ Ọ̀yọ́ tòní dó sí Àgọ́ Ọjà. Odi ìlú náà ṣì wà níbẹ̀, ìkòkò wọn ṣì wà níbẹ̀, igi oṣè wọn sì ṣì dúró.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti díjú tó. Òfin tí ó de ọgbà ìpamọ́ orílẹ̀-èdè kò gbà kí ẹnikẹ́ni ṣọdẹ, kí ó dáko, tàbí kí ó já ewé nínú rẹ̀ láìgba àṣẹ. Ọdẹ tí baba rẹ̀ ṣọdẹ níbẹ̀ di arúfin. Obìnrin tí ó ń ṣa èmi láti fún òrí, tàbí tí ó ń ká igbá láti ṣe irú, kò lè kọjá ààlà mọ́. Ẹni tí ó ń gé koríko bo ilé, ẹni tí ó ń wá oyin, ẹni tí ó ń wá egbòogi fún aboyún, gbogbo wọn ni ọ̀nà wọn kúrú. Ẹni tí ìran rẹ̀ ṣẹ̀ láti Ọ̀yọ́-Ilé sì ní láti gba ìwé kí ó tó lọ dọ̀bálẹ̀ ní ibi tí a gbé sin baba rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àgbà kì í sọ apá kan ọ̀rọ̀. Bí kò bá sí ọgbà náà, ṣé ahoro Ọ̀yọ́-Ilé yóò ṣì wà lónìí? Katakata ìbá ti ro odi rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn ìrá àti àwọn ẹfọ̀n, tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa mọ̀ kìkì nínú ìjálá, kò ní ibòmíràn tí wọ́n lè sá sí ní agbègbè náà. Omi odò Ògùn tí a sé ní adágún Ìkéré ń fẹ́ igbó ní òkè rẹ̀, kí iyanrìn má baà dí i. Nítorí náà, n kò sọ pé kí a tú ọgbà náà ká. Ohun tí mo ń sọ ni pé àǹfààní rẹ̀ ń lọ sí ọ̀nà jíjìn, ẹrù rẹ̀ sì wà lórí àwọn tí ó sún mọ́ ọn. Gbogbo ayé ni ó ń jẹ oyin rẹ̀. Ará Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí nìkan ni agbọ́n ń ta.

Ìgbòho kọ́ wa ní ohun mìíràn. Ní ìgbà tí àwọn Aláàfin fi Ọ̀yọ́-Ilé sílẹ̀ ní ayé àtijọ́, Ìgbòho ni wọ́n fi ṣe olú ìlú, Aláàfin mẹ́rin ni a sì sin síbẹ̀, ní Igbó Ọba. Àwọn ìdílé tí ó ń tọ́jú Igbó Ọba wà títí di òní. Lónìí, bí ará oko bá fi ìka tọ́ka sí fọ́rẹ́sì, “igbó ọba” náà ni yóò pè é, nítorí ìjọba ni ó ní in. Orúkọ kan, ohun méjì. Ìlú ń fi ọ̀wọ̀ yí igbó ọba àkọ́kọ́ ká. Ìbẹ̀rù ni ó yí èkejì ká. Ohun tí a bá ń bẹ̀rù nìkan, a máa ń jí i nígbà tí olùṣọ́ bá sùn.

OMO: ÌLẸ̀KÙN TÍ Ó TÌ FÚN AGBỌ̀N, TÍ Ó ṢÍ FÚN ỌKỌ̀

Igbó Omo, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tó 130,500 hẹ́kítà. Ní ọdún 1946 ni wọ́n ya apá kékeré kan nínú rẹ̀ sọ́tọ̀, 460 hẹ́kítà péré, pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án rárá. Ní ọdún 1977, àjọ UNESCO kà á mọ́ àwọn ibi ìpamọ́ tí gbogbo ayé mọ̀ sí. Erin igbó ṣì wà níbẹ̀ di òní. Ní ọdún 2021, àjọ àgbáyé tí ó ń ṣe àkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀dá tí ó ń tán lọ fi erin igbó sí ìpele ewu tí ó le jù lọ fún ẹ̀dá tí ó ṣì wà nínú igbó.

Ènìyàn ń gbé inú igbó náà. Àwọn àgbẹ̀ kòkó wà níbẹ̀. Àwọn kan ti pẹ́, àwọn mìíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti wá ilẹ̀ tútù. Àwọn agégi wà níbẹ̀. Ìjọba pàápàá ti gé igbó àdáyébá kúrò ní apá ibi tí ó pọ̀, ó sì gbin gmelina rọ́pò rẹ̀, nítorí ilé iṣẹ́ bébà. Ẹ̀yin awo ẹlẹgbẹ́ mi, kí ni Ọ̀sányìn fẹ́ já nínú oko gmelina? Igi kan ṣoṣo tí a tò ní ìlà kì í ṣe igbó. Igi kan kì í dá igbó ṣe.

Ibí ni mo ti fẹ́ padà sí ọ̀rọ̀ ìjìyà. Ohun tí ń bí àwọn ará abúlé nínú ní irú igbó báyìí kọjá pé a ti ìlẹ̀kùn. Wọ́n rí i pé ìlẹ̀kùn náà mọ ojú. Wọ́n ń rí ọkọ̀ agbégi tí ó ń jáde lóru àti lọ́sàn-án, wọ́n sì ń rí ìyá eléwé-ọmọ tí a dá dúró nítorí agbọ̀n kan. Àgbẹ̀ kòkó tí erin jẹ oko rẹ̀ mọ́jú kò mọ ẹni tí yóò ké sí. Ṣùgbọ́n bí ó bá fọwọ́ kan erin náà, gbogbo ènìyàn ni yóò mọ̀. Bí a bá fẹ́ kí àgbẹ̀ dá erin sí, a gbọ́dọ̀ dá oúnjẹ ọmọ àgbẹ̀ sí pẹ̀lú. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣì mí gbọ́. Àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ń ṣe iṣẹ́ ńlá, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fi ẹ̀mí wewu fún owó tí kò tó nǹkan. Ọ̀pọ̀ ọdẹ àtijọ́ ni ó wà láàrin wọn, tí ó fi ìmọ̀ ipasẹ̀ ẹran tí ó fi ń ṣọdẹ tẹ́lẹ̀ ṣọ́ ẹran nísinsìnyí. Èyí dára púpọ̀. Ó fi hàn pé ìmọ̀ ará ìlú ni agbára ìpamọ́, bí a bá gbà á láyè.

Ọ̀ṢUN: ÒFIN ÀTI ÈÈWỌ̀ LÁBẸ́ IGI KAN

Ibi tí a ti lè rí ìbáṣepọ̀ èèwọ̀ àti òfin jù ni igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Hẹ́kítà 75 péré ni. Ìlú náà dá a sí nítorí májẹ̀mú tí ó wà láàrin ọba àti Ọ̀ṣun. Ní àwọn ọdún 1950, èèwọ̀ náà dẹ̀: àwọn kan ń gé igi, àwọn kan ń ṣọdẹ, wọ́n tilẹ̀ gbin igi tíìkì sí apá kan. Àwọn olùbọ, àwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo, àti Susanne Wenger tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, ni ó dìde gbà á sílẹ̀. Ìjọba fi òfin gbè wọ́n lẹ́sẹ̀ ní ọdún 1965 nígbà tí ó ka apá kan igbó náà sí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní ọdún 2005, UNESCO kọ ọ́ sí ìwé ogún àgbáyé. Ní ọdún 2005 yẹn kan náà ni wọ́n bu ọlá fún Ifá wa pẹ̀lú.

Kò sí ẹni tí ó lé àwọn olùbọ kúrò níbẹ̀. Arugbá ṣì ń gbé igbá wọ̀ ọ́ lọ́dọọdún. Àtáója ṣì ń jókòó lórí òkúta rẹ̀. Olùṣọ́ ìjọba wà níbẹ̀, Ìyá Ọ̀ṣun náà wà níbẹ̀. Ìlú ń jẹ àǹfààní rẹ̀: ẹlẹ́kọ ń tà, onílé ń gba àlejò, ọlọ́kọ̀ ń rí èrò.

Síbẹ̀, Ọ̀ṣun tún ń kọ́ wa pé ọgbà tí a yí igbó ká kò lè dá gbogbo ewu dúró. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, omi odò náà di pupa bí amọ̀, nítorí àwọn tí ó ń wa góòlù ní òkè odò, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ní ọdún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn olùbọ pé kí wọ́n má mu omi náà ní àkókò ọdún. Ẹ rò ó wò: omi tí a ń bù fún àgàn pé kí ó mu kí ó lè bímọ ni a ní kí a má mu! A dá ibi ẹsẹ̀ odò sí, orí rẹ̀ bàjẹ́. Igbó tí a pa mọ́ kò lè yè bí ilẹ̀ tí ó yí i ká bá ń kú, bí àwọn ènìyàn ibẹ̀ kò bá sì ní iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n lè jẹ.

OHUN TÍ A RÍ NÍ IBÒMÍRÀN

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní ìpínlẹ̀ Cross River, abúlé méjì tí ń jẹ́ Ekuri pa igbó ara wọn mọ́ fúnra wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ìpamọ́ orílẹ̀-èdè tí ó wà níbẹ̀. Wọ́n kọ̀ láti ta á fún àwọn agégi, wọ́n sì ṣe òfin bí a ó ti máa kó èso àti ewé inú rẹ̀. Ní ọdún 2004 ni wọ́n gba ẹ̀bùn Equator ti àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé. Ní ilẹ̀ Benin, níbi tí àwọn awo ẹlẹgbẹ́ wa wà, ìjọba gbé òfin jáde ní ọdún 2012 tí ó fi ojú òfin mọ igbó òrìṣà, kí àwọn tí ó ni ín lè máa tọ́jú rẹ̀.

Ní Rio de Janeiro, ní ilẹ̀ Brazil, àwọn ọmọ òrìṣà máa ń gbé ẹbọ lọ sí igbó Tijuca, tí ó di ọgbà ìpamọ́ orílẹ̀-èdè ní ọdún 1961. Àríyànjiyàn wáyé láàrin àwọn àti àwọn olùtọ́jú ọgbà lórí àbẹ́là tí ó lè dá iná sílẹ̀ àti àwo tí kì í jẹrà. Ẹ̀yin ọmọ awo, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ewé ni àwọn baba wa fi ń gbé ẹbọ, kì í ṣe ọ̀rá. Ẹbọ tí a gbé lé ewé, ilẹ̀ yóò gbà á. Èyí tí a gbé sínú ọ̀rá, ilẹ̀ yóò pọ̀ ọ́ jáde.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, àwọn ìjọba àgbáyé pàdé ní Montreal, wọ́n sì fẹnu kò pé kí ó tó parí ọdún 2030, ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ àti omi ayé ni a gbọ́dọ̀ pa mọ́. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú pé a kò gbọdọ̀ tẹ ẹ̀tọ́ àwọn onílẹ̀ àti àwọn ará àyíká mọ́lẹ̀. Èyí já sí pé igbó púpọ̀ sí i ni a ó ṣì yà sọ́tọ̀, ní ilẹ̀ tiwa náà. Ẹni tí kò bá sí níbi tí a ti ń pín in, ẹnu ọ̀nà ni yóò bá ara rẹ̀.

OHUN TÍ Ó KÙ SÍ ỌWỌ́ ÀWA AWO

Àwọn kan yóò sọ pé kí ìjọba ṣí gbogbo igbó sílẹ̀, kí èèwọ̀ nìkan máa ṣọ́ ọ bíi ti àtijọ́. Ó wù mí kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ayé àwọn baba wa, àáké ni a fi ń gé igi, ọjọ́ púpọ̀ sì ni ó ń gbà. Lónìí, ayùn ẹ̀rọ yóò gé ìrókò lulẹ̀ kí a tó mu ẹ̀kọ tán. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ń wọ igbó lónìí kò sì mọ èèwọ̀ wa, kò sì gbà á gbọ́. Òfin gbọ́dọ̀ wà. Kí òfin náà ní ìlẹ̀kùn ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Nítorí náà, mo gbé ohun mẹ́rin síwájú ẹgbẹ́ wa.

Èkíní, kí ẹgbẹ́ yan àwọn àgbà tí yóò lọ bá àwọn aláṣẹ igbó sọ̀rọ̀, kí a sì ṣe àdéhùn tí a kọ sílẹ̀: ọjọ́ wo ni a lè wọlé lọ bọ, apá ibo ni a lè já ewé, irú ewé wo, ìwọ̀n wo, ta ni yóò ṣe onígbọ̀wọ́. Kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ lásán ni a ó gbé lọ. Kí a mú ìmọ̀ wa dání. Àwọn ni ó ní ìwé, àwa ni a mọ orúkọ igi.

Èkejì, kí ìlú kọ̀ọ̀kan wá igbódù àti igbó òrìṣà rẹ̀ tí ó kù, kí a wọn ilẹ̀ rẹ̀, kí a sì fi í sí orúkọ ìlú, kì í ṣe sí orúkọ ènìyàn kan. Ọ̀pọ̀ igbó ni ìjọba kò gbà rárá. Ọmọ onílẹ̀ ni ó tà á fún akọ́lé. A kò lè máa bínú sí ẹni tí ó ti igbó mọ́ wa, kí a sì máa wo ẹni tí ó ń tà á ní ìsọ̀rí ìsọ̀rí.

Ẹ̀kẹta, kí awo kọ̀ọ̀kan gbin ohun tí ó ń lò. Akòko, pèrègún, òdúndún, rinrin kì í ṣòro gbìn. Ìrosùn àti orógbó pẹ́ kí wọ́n tó dàgbà. Ẹni tí ó bá gbìn ín kò lè lò ó, ọmọ rẹ̀ ni yóò lò ó. Ẹni tí ó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Kí a sì máa mú àwọn ọmọ ìkọ́fá wọ igbó. Ọmọ awo tí ó mọ ewé kìkì nínú àpò ẹlẹ́wé ọjà kò tíì mọ̀ ọ́n. Bí a bá pa ewé náà dà fún un, yóò rà á.

Ẹ̀kẹrin ni ó le jù, ó sì kan ilé wa. Ní ọdún 2016, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó fọwọ́ sí àdéhùn CITES fòfin de òwò akíkà àti odídẹrẹ́ inú igbó láti ilẹ̀ kan sí òmíràn, nítorí pé wọ́n ń tán. Àwọn kan nínú wa ṣì ń sọ pé láìsí orí ẹran báyìí-báyìí, ẹbọ kò dà. Ta ni ó kọ́ wọn? Ifá fi ààyè sílẹ̀ fún pàṣípààrọ̀. Gbogbo ẹni tí ó kọ́ ẹbọ rírú mọ̀ pé a máa ń bi Ifá bóyá ohun báyìí lè dúró fún ohun báyìí. Kí a bi í. Ní ti ikóódẹ, odídẹrẹ́ a máa pa ìyẹ́ rẹ̀ dà fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń sìn ín nílé, tí ó sì ń tọ́jú rẹ̀ bí ó ti tọ́, yóò rí ikóódẹ ṣà láìpa ẹyẹ. Bí a bá pa odídẹrẹ́ ìkẹyìn nítorí ọdún kan, kí ni àwọn ọmọ wa yóò fi ṣe ọdún tí ń bọ̀?

Ẹ̀yin àgbà, ohun tí ó wà nílẹ̀ yìí ju ọ̀rọ̀ ìgbádùn lọ. Awo tí kò ní igbó yóò di awo ẹnu. A ó máa pe orúkọ ewé tí ojú wa kò rí mọ́, a ó máa kí ẹran tí ó ti run, àwọn ọmọ wa yóò sì rò pé ìtàn lásán ni à ń sọ. Bákan náà, ìjọba tí ó bá pa igbó mọ́ láìsí àwa àti àwọn ará abúlé yóò máa ná owó lórí ẹ̀ṣọ́ títí láé, igbó náà yóò sì máa dín kù. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Kí ìjọba mú òfin wá, kí àwa mú èèwọ̀ àti ìmọ̀ wá, kí a sì ro ti àgbẹ̀, ti ọdẹ àti ti obìnrin alágbo kí a tó fa ìlà sí ilẹ̀.

Igbó wa kò ní di aṣálẹ̀. Odò wa kò ní gbẹ, kò ní dàrú. Ewé kò ní sọnù mọ́ wa lọ́wọ́, ìmọ̀ rẹ̀ kò sì ní sọnù mọ́ àwọn ọmọ wa lórí. Bí a ti pàdé lọ́dún yìí, a ó tún pàdé lẹ́ẹ̀mìíràn, a kò ní dín, a ó máa lé sí i ni.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ. Ire o.